Ìyá Ẹlẹ́ja Tó Fọ́ Fèrèsé Mi

Àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ni ìyá ẹlẹ́ja kan fi fọ́ fèrèsé yàrá tí mo sùn sí, ìyẹn ni mo ṣe rí ẹsẹ̀ dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Jésù ga! Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ohùn mi tó há.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni bàbá oníròyìn tó máa ń jókòó nítòsí fáànù, tí mò ń gbé ní ẹ́síteètì kan ní Ṣàngótẹ̀dó. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti sùn nínú Olúwa, èmi nìkan ni mo kù nílé. Àwọn ọmọ wà lókè òkun. Wọ́n ń pè, ṣùgbọ́n fóònù ò lè bá èèyàn jẹun.

Lẹ́yìn òjò tó kọjá, mo tẹ̀lé àwọn kan láti Ajah tí wọ́n máa ń gun òkè, a lọ sí ìlú kékeré kan ní apá Òkè-Ògùn. Òkè yí ìlú náà ká, adágún omi sì tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀. A gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀, orúnkún ń ro mí. Nígbà tí àwọn yòókù wọ bọ́ọ̀sì padà sí Èkó, mo ní kí wọ́n máa lọ, mo fẹ́ sinmi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń retí mi nílé.

Mo gbádùn ibẹ̀, mi ò ní parọ́. Mo jókòó sétí omi, mò ń wo àwọn apẹja bí wọ́n ṣe ń ju àwọ̀n. Mo lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí wọ́n fi òkúta kọ́. Mo ya fọ́tò òkè lóríṣiríṣi. Ìgbà tí mo fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ ni mo rí i pé nọ́ńbà ìyàwó mi ni ìka mi ń wá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí n sinmi níbẹ̀: Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹlẹ́ja tó máa ń gba ẹ̀yìn yàrá tí mo gbà nílé àlejò kọjá bó bá ti ń ti etí adágún bọ̀ láàárọ̀. Kò ní kọjá kó má kan fèrèsé.

“Bàbá Èkó, ẹ ò jí ire bí?”

Èmi tó jẹ́ pé ní ẹ́síteètì wa, síkiọ́ríìtì gan-an kì í kan ilẹ̀kùn láìkọ́kọ́ pe fóònù! Mo ṣí fèrèsé: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì ń sùn.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé oorun ni mo bi yín? Ìdáhùn ni mo fẹ́ gbọ́. Níbí, a kì í kí èèyàn kó má dáhùn, ká wá máa lọ. Ẹ̀yin ará Èkó, géètì lẹ ń kí!”

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, mo lajú, apá ọ̀tún mi ò gbéra. Ẹsẹ̀ náà ò gbéra. Mo lanu, ohùn ò jáde. Mo ti ti ilẹ̀kùn pa látinú. Fóònù wà lórí tábìlì, mo kàn ń wò ó ni. Mo ní nínú ọkàn mi pé ká ní Ṣàngótẹ̀dó ni, wọ́n á ní bàbá ti rìnrìn àjò. Inú ni mo ti gbàdúrà: Olúwa, rán ẹnì kan wá kí mi.

“Bàbá Èkó, ẹ ò jí ire bí?”

Ó tún pè. Omi ń bọ́ lójú mi. “Bẹ́ ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ bú mi, kí n máa lọ!” Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré padà sétí omi. Mo rò pé ó ti lọ. Gbàà! Ó ti fi àjẹ̀ fọ́ fèrèsé, gíláàsì dà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rí ojú ẹ̀: “Ẹ gbà mí o! Bàbá ò lè sọ̀rọ̀!”

Wọ́n gbé mi dé ọsibítù. Wọ́n ní ká ní wọ́n pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ọwọ́ yìí ṣì ń gbọ̀n, ẹ wò ó, ṣùgbọ́n mò ń rìn! Halelúyà!

Dókítà mi ní Ajah ní mi ò gbọdọ̀ máa dá gbé láìsí ẹni tó ń yọjú sí mi. Mo bẹ alága ẹ́síteètì pé kí síkiọ́ríìtì máa kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀. Alága ní òfin ò gbà bẹ́ẹ̀, àfi bí wọ́n bá ṣe ìpàdé lópin oṣù. Pásítọ̀ ní tiwa ò dìpàdé: láti ọ̀la, ẹgbẹ́ aláàánú yóò máa lọ kí gbogbo ẹni tó ń dá gbé nínú ìjọ yìí, títí dé Lakowe. Ẹ bá mi yọ̀! Wọ́n ní ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.