Káàdì Ẹ̀rin

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ sì jókòó. Dókítà bá yín sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ lánàá, ó rò pé etí mi ti di. Etí mi kò di o, èémí ló ń tán. Kí èyí tó kù tó tán, ohun kan wà lábẹ́ tìmùtìmù mi yìí tó gbọ́dọ̀ jáde. Ọmọ ọmọ mi yìí ló fà á. Ó gbé sísọ́ọ̀sì wọlé, ó ní òun fẹ́ gé orí ọmọkùnrin kan kúrò nínú àwòrán tí òun fúnra òun yà, nítorí pé ọmọ náà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. "Ìyá àgbà, ẹ bá mi dì í mú dáadáa, kí n lè gé e." Ọmọ ọdún mẹ́fà! Mo di bébà náà mú, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó gé e, nítorí mo mọ ibi tí irú sísọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ń gbé ènìyàn lọ.

Èmi náà ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà rí, bí ẹ ò tiẹ̀ gbà. Ọmọkùnrin kan wà tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan. Ó máa ń ṣẹ́ ẹfun ìkọ̀wé rẹ̀ sí méjì fún mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé lọ́jọ́ tí kò bá wá, inú ń run mí. Mo ya àwòrán àwa méjèèjì, a di ara wa lọ́wọ́ mú, mo kun bọ́tìnnì súwẹ́tà mi ní yẹ́lò, mo sì ti àwòrán náà bọ inú báàgì rẹ̀. Kí ló ṣe? Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó Bẹ́ńṣì! Ọkọ ẹ ń pè ẹ́ o!" Orúkọ yẹn ni mo jẹ́ títí mo fi jáde ilé-ìwé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kó o.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun, ẹ mọ̀. Ìwé kì í ti inú ẹ̀rọ jáde lódindi bí ọmọ tuntun. Ìdì ewé kan lónìí, òmíràn lọ́la. Bàbá Ẹ̀rọ, àgbàlagbà tó ń darí ẹ̀rọ wa, máa ń kó wọn jọ ní òkìtì òkìtì sórí tábìlì gígùn, á gbé káàdì lé wọn bí ìdì ṣe tẹ̀lé ara wọn: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Àwa obìnrin a máa yí tábìlì po, à ń mú ìdì kan láti orí òkìtì kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di odindi ìwé. Ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ojú kì í kà. Ìgbà tí ìwé àwòrán àwọn ọmọdé kan dé, ojú mi ṣèèṣì bọ́ sórí ìdì kìíní: ọmọbìnrin kan, bọ́tìnnì yẹ́lò, ó ń wo ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo oòrùn àárọ̀. Nínú ìdì kejì, ó ń ya àwòrán. Nínú ìdì kẹta, àwòrán wà lórí pátákó, kíláàsì ya ẹnu ẹ̀rín, wọ́n ń kígbe, "Ọkọ ẹ ń pè ẹ́ o!" Mo wo orúkọ ẹni tó ṣe ìwé. Òun ni, ọmọ orí bẹ́ńṣì yẹn! Ó ti di ayàwòrán ńlá, ó fẹ́ fi ìtìjú mi pawó. Ẹni tí wọ́n fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀, àbí? Lọ́jọ́ náà gan-an ló yà wá wo iṣẹ́. Ó kọjá níwájú mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Mà! Kò tilẹ̀ mọ̀ mí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà," mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ìdì kẹrin jáde lọ́jọ́ kejì. N kò dúró kà á. Kí ni mo tún fẹ́ kà? Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, mo gbé káàdì ẹ̀rin kúrò lórí rẹ̀, mo gbé e lé òkìtì kan tó ṣẹ́kù nínú ìwé àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ìwọ̀n bébà kan náà. Mo da ojúlówó sínú àpò ìdọ̀tí, mo fi ẹyọ kan sínú aṣọ iṣẹ́ mi, bí ọdẹ ṣe ń mú ìrù ẹran tó pa. Káàdì kan ṣoṣo ni mo gbé. Kò wúwo tó ìyẹ́ adìẹ.

Nígbà tí ìwé náà jáde, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jọ kí ayàwòrán wá kà á fún wọn. Mo gba àyè, mo lọ dúró lẹ́yìn. Ó ń kà, àwọn ọmọ dákẹ́ minimini. Ó ṣí ewé, ó gbé ìwé sókè fún wọn kí òun fúnra rẹ̀ tó wò ó: ẹlẹ́dẹ̀ kan nà gbalaja, wọ́n ń fún un ní oògùn ìgbẹ́ gbuuru. "Yéè! Ọkọ ti di ẹlẹ́dẹ̀!" ni ọmọ kan ké. Ilé wó fún ẹ̀rín. Ayàwòrán ń ṣí ewé síwá sẹ́yìn, òógùn bò ó. N kò ní purọ́ lórí ibùsùn yìí: ó dùn mọ́ mi. Bí mo bá rántí rẹ̀ títí dòní, ó ṣì ń dùn mọ́ mi díẹ̀. Ìkà ni mí.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé pè wá jọ láti mọ ẹni tó ṣe é. Bàbá Ẹ̀rọ ní, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé káàdì, mo sì gbé e síbi tó yẹ." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ìwọ lo sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ṣé o rí ẹni tó fọwọ́ kàn án?" Ọkùnrin yìí ló kọ́ mi níṣẹ́, òun ló ń fi aṣọ di ìka mi bí bébà bá gé e. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ ṣàánú ara yín. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ojú ń dùn yín." Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé tábìlì, ó jáde, kò sì padà síṣẹ́ mọ́. Ìka tó ṣẹ̀ ni wọ́n ń gé. Tèmi ṣẹ̀, tirẹ̀ ni wọ́n gé. Ó kú lọ́dún kẹta, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbà pé ojú baba wọn ló ba ìwé jẹ́.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ tí Bàbá Ẹ̀rọ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo tó yọ ìdì kẹrin jáde, kí n lè tún fi rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin inú ìwé dìde, ó já àwòrán kúrò lórí pátákó, ó ní, "Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ẹ má fi ọmọbìnrin yìí rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ojú ló ń tì mí." Nísàlẹ̀ ewé tó kẹ́yìn, ayàwòrán kọ ọ́ síbẹ̀: "Fún ọmọ tí a jọ jókòó. Mo wá ọ títí, n kò rí ọ. Jọ̀wọ́, dárí jì mí." Ẹni tó san owó ìtẹ̀ ìwé náà kọ̀, kò tún un tẹ̀, ayàwòrán kò sì ya ìwé ọmọdé kankan mọ́.

Ìwọ ọmọ mi, ìdì náà nìyí. Gbé e lọ fún un, ó ṣì wà láyé. Sọ fún un pé Ìyàwó Bẹ́ńṣì ló rán ọ. Kí o sì wá àwọn ọmọ Bàbá Ẹ̀rọ rí, kí o wí fún wọn pé ojú baba wọn ríran ju tèmi lọ. Mi ò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fẹ́ràn mi. Kí wọ́n ṣáà gbọ́ ọ. Àti ìwọ, kékeré, mú sísọ́ọ̀sì yẹn wá. Ọmọkùnrin náà ṣẹ̀ ọ́, mi ò sọ pé kò ṣẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó gé e lórí, lọ bi í bóyá ó ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ewé tó kẹ́yìn lè ṣì wà nínú ẹ̀rọ.