Èmi ni mo gbé ohùn Ìyá Rísí kiri

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi láti ìgbà ìdìbò alága káńsù tó kọjá. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá, àmọ́ ìyàwó oníyàwó ló ń jìyà rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi àti Ìyá Rísí ti wá. Ní Kabusa níbí, l'Abùjá, ìsọ̀ wa kangun síra. Mo ń ta èlùbọ́, ó ń ta ata gígún.

Àwọn olóṣèlú tó ń polongo fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń du ipò alága wá gba ohùn obìnrin sílẹ̀, tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwa Yorùbá nìkan. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ jẹ́ kí Ìyá Rísí náà sọ ọ́ wò." Tiẹ̀ ni wọ́n mú.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ta ló mọ̀ wá níbí? Ọkùnrin yìí mọ̀ wá. Bó bá wọlé, àwa la máa kọ́kọ́ gba ìsọ̀ nínú ọjà tuntun."

Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn èèyàn lára. Oníbàárà èmi gan-an á gbé e sí mi létí, á ní, "Ìyá Rísí mà lẹ́nu o." Màá rẹ́rìn-ín. Màá yára wọn èlùbọ́ rẹ̀ fún un kó lè máa lọ, kí n má baà gbọ́ ohùn yẹn mọ́.

Àwọn obìnrin Gbàgyí, àwọn onílẹ̀, ló ń ra ata rẹ̀ jù. Wọn ò gbọ́ Yorùbá. Mo sì mọ̀ pé àwọn olóṣèlú yẹn ti fi èdè tiwọn ṣèlérí ìsọ̀ kan náà fún wọn. Mo gbé fóònù lọ bá wọn, mo fi Hausa tí gbogbo wa gbọ́ túmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀kan ní, "Kai. Ẹni tí mo ń fi ọmọ mi sí lọ́dọ̀?"

Ti olóṣèlú ò dùn wọ́n tó tiẹ̀. Wọn ò ra ata rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ó palẹ̀ mọ́, ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kò parí síbẹ̀. Gbàgyí ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kabusa níbí, ó sì gbọ́ Yorùbá. Òun ni Ìyá Rísí gbà pé ó tú àṣírí òun. Ọmọbìnrin náà bímọ lọ́sẹ̀ yìí. Ìyá Rísí ní òun ò ní fojú kan ọmọ náà. Ó pè mí, ó ní, "Ìwọ nìkan lo dúró tì mí. Bá mi gbé e lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ."

Ẹ jọ̀ọ́, inú mi dùn pé èmi ló yàn. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ọ̀túnla ni ìsọmọlórúkọ. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún un tí yóò fi lè wá gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀?