Èmi Ni Mo Ń Sọ Ẹni Tó Máa Jẹ Nínú Béèsìbọ́ọ̀lù fún Wòlíì

Obìnrin kan kú ní Hamburg, àsọtẹ́lẹ̀ tí mo ṣe lórí béèsìbọ́ọ̀lù sì wà lára ohun tó pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ikú ṣeré. Béèsìbọ́ọ̀lù náà ni mo wí, eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi igi gbá.

Ìyá Dámilọ́lá ni mo máa pe obìnrin náà níbí, torí mo ti yí orúkọ padà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń dirun ní Hamburg. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Hafen, èbúté tí wọ́n ti ń já kọ̀ǹtẹ́nà. Ọdún tó kọjá ni obìnrin náà kú. Jẹjẹrẹ ọmú ló ṣe é.

Oníròyìn ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, Reinickendorf ní Berlin ni mo sì ń gbé. Ohun tí mo mọ̀ nípa ikú yìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé wọ́n ti di ẹ̀bi náà ru ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ìyẹn ọmọ tí obìnrin náà bí. Ọmọ ọ̀hún sì ti fẹ́ gbà pé òun ló jẹ̀bi lóòótọ́.

Ní ọ́fíìsì wa ní Berlin, èmi ni mo ń kọ ìròyìn eré ìdárayá Amẹ́ríkà. Àwọn Jámánì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kò fẹ́ ẹ. Lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá ti ń bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ tó yege bá wọ ìdíje ìparí sáà, wọ́n á ní kí n kọ ẹgbẹ́ tó máa dé àṣekágbá àti èyí tó máa tètè lọ sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Láàárín sáà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù, nítorí náà ẹgbẹ́ tó dáa máa ń hàn. Ṣùgbọ́n ìpele ìparí kì í gùn. Ẹgbẹ́ tó ti ń na gbogbo ayé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lè pàdé ajùbọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ gbá a, tí apá rẹ̀ gbóná lọ́sẹ̀ yẹn, kí wọ́n sì di ẹrù wọn. Nítorí náà, mo máa ń wo ẹgbẹ́ tó ti sinmi, mo máa ń wo ajùbọ́ọ̀lù tí èjìká rẹ̀ ti rẹ̀, mo máa ń wo ẹni tí wọ́n máa fi ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni mo máa méfò.

Ìméfò ni. Mo máa ń kùnà ju bí mo ṣe ń gbà á lọ. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, irọ́ ló ń pa.

Wòlíì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, inú agboolé kan náà la ti dàgbà. Ó jù mí lọ, Bọ̀ọ̀dá ni mo ń pè é. Nígbà tí mo dé Jámánì tí mi ò ní ìwé, ilé rẹ̀ ní Hamburg ni mo sùn. Òun ló ń bọ́ mi, kò sì fi bú mi rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn tí ẹ bá ń dá mi lẹ́jọ́.

Ó ní ìjọ aláṣọ funfun kan nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n yá lẹ́bàá àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Nígbà tí mò ń wí yìí, ìjọ náà ti ń tú. Àwọn èèyàn ń lọ sí ìjọ mìíràn. Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé kí ni mò ń kọ báyìí. Mo sọ fún un. Ó wá ní kí n sọ ẹni tí mo rò pé ó máa jẹ.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó dáhùn, mi ò sì lè gbàgbé èsì náà láéláé: "Àbúrò, tí mo bá sọ ti fúbọ́ọ̀lù, wọ́n á ní mo kà á nínú ìwé ìròyìn ni. Gbogbo wọn ló mọ fúbọ́ọ̀lù jù mí lọ. Eléyìí ńkọ́? Ta ló mọ̀ ọ́n nínú wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé ó ti rẹ àwọn ajùbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ aláṣọ pupa, pé ó jọ pé àwọn aláṣọ búlúù máa lé wọn lọ sílé, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde níwájú ìjọ, ó ní òun rí ìran. Ó ní òun rí àwọn ọkùnrin aláṣọ pupa nínú pápá kan lókè òkun, wọ́n ga, wọ́n lágbára, ṣùgbọ́n wọ́n ń sunkún lọ sílé. "Kò dá mi lójú" tí mo fi parí ọ̀rọ̀ mi kò dé orí pẹpẹ.

Àwọn aláṣọ pupa fìdí rẹmi. Ó tún pè mí. Mo tún sọ fún un. Ìpele tó tẹ̀ lé e rí bí mo ṣe wí. Àṣekágbá náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: orí ló bá mi ṣe é. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì gba gbogbo ìpele tán rí. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, ẹgbẹ́ tí mo ní ó máa gba ife ni wọ́n kọ́kọ́ lé sílé.

Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Hamburg? Ọkùnrin kan tí òun àti Bàbá Dámilọ́lá jọ ń wọ bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí èbúté sọ fún mi pé: "Ọ̀gá, a ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a tàbí ẹsẹ̀. Wòlíì gan-an ò mọ̀ ọ́n. A bi í léèrè, ó ní òun ò rí i rí. Ẹni tí ò mọ eré kan, tó wá ń sọ ẹni tó máa jẹ, ta ló ń sọ fún un?" Ó ń wojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi wà níbẹ̀ tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé Wòlíì ní kí n wá gbé ìròyìn rẹ̀. Ojú ewé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mò ń kọ̀wé sí fún àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Jámánì. Mo lọ. Mo fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò, mo gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Kò sí irọ́ kankan nínú ìròyìn náà. Mo kàn yọ ara mi kúrò nínú rẹ̀ ni. Lẹ́yìn tó jáde, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ ojú irin láti Bremen wá sí gbọ̀ngàn yẹn. Àga ò tó mọ́.

Ìyá Dámilọ́lá kì í ṣe ẹni tó ń tètè gbàgbọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ń fà á lọ sí ìjọ náà. Nígbà tí dókítà rí kókó nínú ọmú rẹ̀, wọ́n ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ kíákíá. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi Wòlíì. Wòlíì ní òun rí i tó ń gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ pọ̀n, pé ọ̀bẹ ò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀. Gbogbo èyí, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo mọ̀ nígbà náà ni pé obìnrin náà pè mí lórí fóònù. Mò ń rìn lọ wọ U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí nípa ìyàwó mi, ó wá ní: "Mo ka ohun tí ẹ kọ. Mi ò fẹ́ gbọ́ tàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu yín ni mo fẹ́ ti gbọ́. Ẹ̀yin oníròyìn máa ń wádìí. Ṣé ẹ wádìí ẹ̀?"

Mo ní: "Mo wádìí ẹ̀, mà. Bó ṣe rí nìyẹn."

Ó ní ó dáa. Ó ní nǹkan kan wà lára òun tí òun fẹ́ fi lé Wòlíì lọ́wọ́ ni. Ó dúpẹ́, ó sì pa fóònù.

Mo gbọ́ ọ. "Nǹkan kan wà lára mi." Ìbéèrè ni mo fi ń jẹun, mi ò sì bi í ní ẹyọ kan. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin mi. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ yẹn ni mi ò lè kúrò. Ohun tí mo kọ ṣáájú, mo lè ní ojú Bọ̀ọ̀dá ni mò ń wò. Ti ọjọ́ yẹn, mi ò rí nǹkan kan sọ.

Obìnrin náà ṣíwọ́ lílọ sí ọsibítù. Dámilọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ fa síìpù aṣọ lọ́jọ́ kan, ó rí bí ọmú náà ṣe dà. Òun àti bàbá rẹ̀ jà lọ́jọ́ yẹn débi pé àwọn ará ilé kejì wá kanlẹ̀kùn. Ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Àwọn dókítà ní ó ti tàn ká. Ibẹ̀ ni obìnrin náà dákẹ́ sí.

Mo wọkọ̀ láti Berlin lọ síbi ìsìnkú. Wòlíì dìde, kò pariwo. Ó ní ìran tí òun rí kò yẹ̀, ó ní ọwọ́ àìgbàgbọ́ kan ló gbé arábìnrin wa kúrò lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìjọ yíjú sí Dámilọ́lá. Èmi náà wò ó.

Láti ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní kó má pe òun ní Daddy. Ọmọ náà kó wá sí Berlin, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Neukölln.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ rí mi. A pàdé nínú kafé kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin S-Bahn. Mo ti rò pé ó fẹ́ wá bú mi. Rárá. Ó fẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́ ni. "Onkel" ló ń pè mí, ìyẹn "Uncle" lédè Jámánì. Èdè Jámánì ló ń sọ, èmi ń fi Yorùbá dá a lóhùn. Ó ní òun ti fi ẹjọ́ Wòlíì sun ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò jẹ́ kí òun sùn. Ó ní òun ti ka gbogbo nǹkan nípa eré náà, òun ò rí bí ọkùnrin yẹn ṣe lè mọ̀ ọ́n.

Ó wá sọ̀rọ̀ kan, mo máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́: "Mummy ní ẹ wádìí ẹ̀, pé òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ pé ó rí i lóòótọ́, a jẹ́ pé èmi ni mo pa Mummy."

Ẹnu mi ló yẹ kó ti gbọ́ nígbà náà pé èmi ni mo ń sọ ọ́ fún Wòlíì. Gbólóhùn kan péré ni. Mo ní kí wọ́n bá wa gbé tíì mìíràn wá. Mo sọ fún un pé màá wádìí ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe Wòlíì. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí ti tó, pé mo fẹ́ sọ òtítọ́. Ó ní òun kọ́ ló ní kí obìnrin náà má lọ sí ọsibítù, Ẹ̀mí ló sọ ọ́. Ó bi mí bóyá mo ti gbàgbé ilé tí mo sùn. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní: "Ẹ̀ẹ́hẹ̀n, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún o. Ta ló máa jẹ lọ́dún yìí?"

Láti orí fóònù yẹn ni mo ti lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó lójú ẹni tó máa rí ọ̀rọ̀ yìí tó máa mọ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Dámilọ́lá ò lè ka Yorùbá, kò ní rí èyí. Ṣé kí n lọ bá a ni, kí n sọ fún un pé kò pa ìyá rẹ̀? Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀ ní Hamburg, kó lè gba ọmọ rẹ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ló máa jẹ́ kó mọ̀ pé òun gan-an ló dá ìyàwó òun dúró nílé? Mo ti fẹ́ lọ. Ọlọ́pàá ló dá mi dúró, mi ò sì mọ̀ bóyá àṣẹ ni mò ń pa mọ́ tàbí ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu mi, obìnrin ni. Ó bi mí bóyá èèyàn lè mọ ẹni tó máa jẹ nínú irú eré bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo ní rárá. Ó gba fóònù mi, ó ní kí n fọwọ́ sí ohun tí mo sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ náà máa lọ sọ́dọ̀ Staatsanwaltschaft ní Hamburg, ìyẹn àwọn agbẹjọ́rò ìjọba. Wọ́n á pe Wòlíì, wọ́n á pe Bàbá Dámilọ́lá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, wọ́n á sì pinnu bóyá ẹlẹ́rìí lèmi náà tàbí ẹni tí wọ́n máa fẹ̀sùn kàn. Títí dìgbà yẹn, mi ò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹjọ́ náà. Mo bi í pé ta ló wá máa sọ fún ọmọ náà. Ó ní agbẹjọ́rò ọmọ náà máa rí fáìlì náà kà tí ìwádìí bá ti parí, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù.