Orin Àbúrò Mi Tí Mo Ní Ó Ti Bàjẹ́

Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà, àmọ́ ta ló gbọ́ ọ rí pé ènìyàn ń jowú òkú? Oṣù kẹjọ rèé tí a sin Káyọ̀dé, àbúrò mi kan ṣoṣo. Omijé kò tíì gbẹ lójú mi, síbẹ̀ mo ṣì ń jowú rẹ̀.

Olùkọ́ orin ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìrẹmọ. Káyọ̀dé kò mọ nótì kankan kà. Etí lásán ló fi ń mú orin. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí kọ̀ǹpútà àlòkù kan rà, tó so dùùrù kékeré mọ́ ọn, orin tó ń jáde níbẹ̀ dà bí ti ogún ènìyàn. Lọ́jọ́ ìkórè, bàbá ìjọ wa wò mí, wọ́n ní, "Ìyá Dùùrù, ẹ sún díẹ̀ fún àbúrò yín." Mo sún. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹnu lásán ni.

Káyọ̀dé náà ló kọ́ mi níṣẹ́ orin orí kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ètò kan nínú kọ̀ǹpútà ń gba orin sílẹ̀, òmíràn ló ní ohùn dùùrù àti fèrè. Ohun tí wọ́n ń pè ní mídì ló ń rìn láàárín wọn. "Àǹtí, mídì kì í gba ohùn o. Bí ìka yín ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ń gbà. Tí ẹ ò bá darí ẹ̀ síbi tí ohùn wà, lẹ́tà tí ò ní àdírẹ́sì ni." Ó wá bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orúkọ gbogbo nótì, ẹ ò mọ ilé tí wọ́n ń lọ!"

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹni tó tún kọ̀ǹpútà náà ṣe tú ọ̀nà tó so ètò méjèèjì pọ̀. Adùkẹ́, ìyàwó Káyọ̀dé, gbé e wá bá mi. "Àǹtí, orin mẹ́rin tó ṣe gbẹ̀yìn ń sáré lọ lójú ẹ̀, kò kàn dún ni. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ń béèrè orin bàbá ẹ̀." Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan péré! Mo wojú rẹ̀, mo ní, "Ó ti bàjẹ́, ìyàwó wa." Ó sunkún, ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó lọ.

Bó ṣe lọ tán ni mo so ọ̀nà náà pọ̀. Ìka Káyọ̀dé bá jáde: ọ̀kan pẹ́ díẹ̀, ọ̀kan yá jù, bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́. Kò sí èyí tó bọ́ síbi tí ìwé ní kó wà, síbẹ̀ ó dùn dé eegun. Kí ló ṣe mí? Mo mú orin àkọ́kọ́, mo ń fa nótì kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi tọ́. Mo sì fi í pa ti àtijọ́ rẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ó dà bí orin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìdánwò. N kò rí ọwọ́ àbúrò mi níbẹ̀ mọ́.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mẹ́ta kù tí n kò fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ Sunday ni Adùkẹ́ ń bọ̀ wá gbé kọ̀ǹpútà náà fún ẹni tí yóò pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, torí ó gbà mí gbọ́ pé ó ti bàjẹ́. Mo lè jẹ́ kó gbọ́ mẹ́ta yìí. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè orin kan tó kù, ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ fún un pé ó ti wá bàjẹ́ ní tòótọ́, àti pé lẹ́yìn tí mo parọ́ tán ni mo tó bà á jẹ́? Ẹ bá mi dá sí i.