Ọwọ́ Mi Ṣì Ń Gbọ̀n, Ọmọ Mi Ṣì Wà ní Ìpẹ̀rú

Bí ọmọdé kan bá ké "Màámi" lójúde wa ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù níbí, màá ti dáhùn kí n tó rántí pé Rísí mi kò sí nílé. Ìpẹ̀rú ló wà, lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Ìpẹ̀rú tí mọ́tò ń gbé èèyàn dé kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú! Síbẹ̀, lójú mi, ó jìnnà ju Kánò lọ. Aṣọ rẹ̀ olódòdó pupa wà lọ́wọ́ mi, mi ò fọ̀ ọ́ látìgbà tó ti lọ. Òórùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́ lára rẹ̀, òórùn náà sì ti ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Obì gbànja ni iṣẹ́ wa. Èmi ń bó o, mò ń ṣà á, mò ń fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀. Ràúfù ọkọ mi ló ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó o lọ sókè Ọya. Bó bá ti ń padà bọ̀, ó máa ń fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní kọ̀nà wa, Rísí á sì sá jáde tòun tọbẹ̀ lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ mìíràn ló wá sọ fún wa pé ọkọ̀ Ràúfù ti dànù lọ́nà. Wọ́n ti sin ín síbẹ̀ kí a tó gbọ́. Mi ò rí ojú ọkọ mi mọ́.

Láti ìgbà náà ni àyà mi ti ń já. Oorun kò wá, oúnjẹ kò lọ. Dókítà fún mi ní oògùn kan, hóró funfun kékeré, pé kí n lò ó fún ìgbà díẹ̀ kí ara mi lè balẹ̀. Ara mi balẹ̀ lóòótọ́! Nígbà tí èyí tó fún mi tán, èmi fúnra mi ń lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé. Ọdún yípo. Mi ò sunkún mọ́. Àmọ́ bí mo bá fẹ́ rántí ohùn Ràúfù, ṣe ló dà bíi pé mò ń wá nǹkan nínú èéfín. Rísí á máa pè mí, n ó kàn máa wò ó. Lọ́jọ́ kan ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní, "Màámi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Nínú iṣẹ́ tiwa, obì tí kòkòrò bá ti wọ̀, a kì í bá a ṣeré. A ó sọ ọ́ nù lójú ẹsẹ̀ kó má baà ran àwọn yòókù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe oògùn náà. Mo da gbogbo rẹ̀ sí ṣáláńgá, mo rò pé ó parí. Háà! Kò pẹ́ tí òógùn fi bò mí nínú ọyẹ́. Ìró ilẹ̀kùn lásán dà bí ìgbà tí wọ́n fi igi gbá mi lórí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ọ̀bẹ ń jábọ́. Ìyá Ràmọ́tà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtíbàbà ní, "Ìyá Rísí, ṣé obì lò ń bó ni àbí ijó lò ń jó? Bó bá jẹ́ ijó, sọ fún wa ká gbe orin!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ibi ẹ̀rín náà ni mo ṣubú sí.

Ìyá ọkọ mi gbọ́ bí mo ṣe ṣubú àti ọ̀rọ̀ oògùn náà, ó sì dé. Kò pariwo. Ó wo ọwọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ọmọ. "Ìyàwó, mo ti pàdánù ọmọ kan. Mi ò ní fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sọ́wọ́ tó ń gbọ̀n. Ọjọ́ tí o bá bọ́ lọ́wọ́ oògùn pátápátá, wá mú un." Ó sì mú Rísí lọ sí Ìpẹ̀rú.

Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo lọ sọ́sibítù, nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ ló là mí lóye. "Ta ló ní kó o dá a dúró lójijì? Ó lè pa ọ́! Wàá padà sórí rẹ̀, a ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, dókítà á sì máa wò ọ́." Ó yé mi kíá. Obì tó ti pẹ́ nínú ewé, bí a bá ṣí i sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣebí yóò gbẹ, yóò sì là ni? Ọ̀bẹ obì mi ni mo fi ń gé hóró náà sí méjì. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n gé e sí mẹ́rin.

Kò rọrùn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi ń fà sí odindi hóró bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ṣùgbọ́n bó ti ń dín kù ni Ràúfù ń padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì lójú títì, mo sì rí i kedere, bó ṣe máa ń ti fìlà sẹ́yìn, bó ṣe máa ń pè mí ní "Ìyàwó ológbànja". Mo sunkún títí ewé iwájú mi fi rin. Ẹkún tí ó yẹ kí n ti sun tipẹ́! Ó dùn mí, ó sì wù mí kó máa dùn mí bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ìyá ọkọ mi ti ránṣẹ́ pé òun àti Rísí ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti wá wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Àmọ́ mo ṣì ń lo ìdá kan nínú mẹ́rin hóró yẹn láràárọ̀, dókítà sì ní kò tíì tó àkókò láti fi í sílẹ̀. Bí mo bá fi í pa mọ́, mo lè gba ọmọ mi lọ́jọ́ náà. Bí mo bá gbé e mì lójú wọn, ìyá lè tún mú un lọ. Ìyá Ràmọ́tà ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ Àìkú tó dé. Ẹni tí irú oògùn yìí bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má ṣe jù ú nù lójijì bíi tèmi. Kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó fún un.

Kí n tó parí ọ̀rọ̀ yìí, mo dìde lọ fọ aṣọ olódòdó pupa náà, ó ti wà lórí okùn báyìí. Bí Rísí bá tún gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, tó bi mí pé ṣé mo wà níbẹ̀, mo fẹ́ lè dá a lóhùn pé mo wà.