Ogún Ni Ìyá Mi Kọ, Kì Í Ṣe Ogun

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, nítorí ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò. Ara mi le, ìyá mi ń bẹ láyé, Alihamudulilahi, ẹ̀rín sì ti padà sínú ilé wa. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé orí arúgbó kan ti dàrú, àyà mi a já pàà. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìyá mi níṣojú èrò, èmi gan-an ni mo fà á. Mo mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, mo sì pa ẹnu mọ́. Irú ọmọ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọ̀mù-Àrán ni mò ń gbé. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí, ṣùgbọ́n bí ilé-ìwé bá ti parí, mo máa ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá mi fún àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù àti àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má pe ibẹ̀ ní sítúdíò níwájú ẹni tó mọ sítúdíò o! Fóòmù ibùsùn ni mo gbé ti ògiri, kúbùsù ni mo fi bo fèrèsé, ọ̀fẹ́ ni mo sì gba ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí àkùkọ aládùúgbò bá kọ, a ó dúró títí yóò fi dákẹ́, a ó wá tún orin gbà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ojú ara mi ló ń tì mí. Bí mo bá ti rí àwòrán sítúdíò ńlá lórí fóònù, a máa ṣe mí bíi pé ṣíbí ni mo fi ń gbẹ́lẹ̀.

Ìyá mi ló máa ń kọrin gbé ọmọ tuntun wọlé ní agboolé wa ní Àrán-Ọ̀rin. Bí wọ́n bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán, Màmá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ké e sókè pé, “Ogún wọlé, ẹ ṣílẹ̀kùn! Ogún wọlé, ẹ tẹ́ní!” Ọmọ ni ogún wa, kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe ilé. Nígbà tí Ràfíátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, bí àkọ́bí rẹ̀ ní Ìlọrin, orúnkún Màmá kò gbé wọn dé ibẹ̀ mọ́. Wọ́n wá bá mi, wọ́n ní, “Fi ẹ̀rọ rẹ gba ohùn mi, kí ọmọ náà lè gbọ́ mi.” Wọ́n jókòó sórí àpótí nínú yàrá mi, wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní ó tán.

Ohùn náà ń gbọ̀n. Kí ló dé tí kò ní í gbọ̀n? Ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún! Ṣùgbọ́n èmi ro ti àwọn àna wa ní Ìlọrin, pàápàá Àlájà, ìyá ọkọ Ràfíátù, mo ní wọn ó sọ pé ará oko ni wá. Ni mo bá gbé orin náà lọ sí sítúdíò ńlá kan ní Ìlọrin. Yàrá tutù nini, ojú kọ̀ǹpútà fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ètò olówó iyebíye ni wọ́n ń lò. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bi mí pé, “Àǹtí, ṣé kí n fi ohùn yìí sílẹ̀ bó ṣe wà?” Mo ní, “Rárá o! Bá mi tọ́ ọ, ó ń gbọ̀n jù.” Ó tẹ nǹkan kan. Ìlà ohùn tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà bá tẹ́jú bí aṣọ tí a lọ̀. Ojú ni àwa méjèèjì fi ń gbọ́ orin, ẹ̀yin èèyàn mi! Mo pàtẹ́wọ́, mo ní ó dùn.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Wọ́n gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n tan orin, ohùn ìyá mi sì bú jáde, ó mọ́ kedere: “Ogun wọlé, ẹ ṣílẹ̀kùn! Ogun wọlé, ẹ tẹ́ní!” Yéè! Ẹ̀rọ ti fa ohùn tó yẹ kó ròkè wálẹ̀. Àlájà fò dìde, ó ní, “Ogun kẹ̀? A ò rógun o! Ẹ pa orin yẹn!” Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Àlájà. Màmá wa ni. Ọjọ́ ogbó ti dé, orí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pé mọ́.” Mo wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ìbá tún un ṣe. N kò sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pe Màmá lórí fóònù, ó sọ fún wọn pé ogun ni wọ́n kọ, pé ọjọ́ ogbó ti dé, kí wọ́n fi orin sílẹ̀, kí wọ́n sinmi. Láti ọjọ́ náà, Màmá kò kọrin mọ́, àní bí wọ́n bá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, wọn a dákẹ́ lọ gbári. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo gbé kọ̀ǹpútà tọ̀ wọ́n lọ, mo tan èyí tí mo gbà nínú yàrá mi, mo tan ti sítúdíò tẹ̀ lé e. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ní kí wọ́n tọ́ ohùn wọn. Màmá ní, “Nítorí náà, n kò ṣì í kọ? Mo ti ń rò pé bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Àràárọ̀ ni mò ń ka orúkọ gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan, láti mọ̀ bóyá n óò gbàgbé ẹnì kan.” Ẹkún gbé mi mì. Àfi bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ̀rọ ńlá ńlá, kò gbọ́ Ìgbómìnà! Jẹ̀bi dáadáa, ọmọ mi. Ó sàn kí o jẹ̀bi ju kí orí mi dàrú.”

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo lọ bá Àlájà nílé, mo jẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Ojúlówó orin náà ni Àlájà ń tàn fún ọmọ báyìí bí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́, ó ní gbígbọ̀n ohùn yẹn gan-an ló dùn jù. Màmá sì tún ti ń kọrin. N kò bá sítúdíò jà o. Ètò ọ̀fẹ́ tèmi náà ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ohùn, n kò kàn tẹ̀ ẹ́ rí ni. Ẹni tó bá ń gba orin Yorùbá sílẹ̀, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ kó tó tọ́ ohùn.

Ṣùgbọ́n àwọn èrò ọjọ́ náà ńkọ́? Wọ́n jẹun, wọ́n gba ẹ̀bùn, wọ́n sì tú ká pẹ̀lú ìtàn arúgbó tó kọ orin ogun fún ọmọ tuntun. Ibo ni mo ti fẹ́ rí wọn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí ẹ bá sì wà níbẹ̀, tàbí ẹ mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé orí ìyá mi pé. Èmi ni ojú ń tì.