Mi Ò Ní Sọ̀ Kalẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Yìí

Má sún mọ́ mi! Rinat, mo ní má sún mọ́ mi pẹ̀lú iná tó o fi ń gé irin yẹn, àbí etí rẹ di ni? Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Mo ti jókòó, mo ti ti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Tó o bá máa gé ọkọ̀ yìí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ọwọ́ rẹ, gé èmi Kapitolína mọ́ ọn, kó o lọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ kan àti ìyá arúgbó kan, o ti gé wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ!

Kí lo ní? Òfin? Ta ló ń bá ọ jiyàn òfin? Mo mọ̀ pé ọkọ̀ àfidánwò tí ilé iṣẹ́ wa ṣe, tí àwọn ọ̀gá ìjọba ní Mọ́sko ò bá fọwọ́ sí, gígé ni. Ṣebí ojú mi ni wọ́n ṣe gé èkíní, ojú mi ni wọ́n ṣe gé èkejì, mo dúró nínú yìnyín títí wọ́n fi gé e tán. Ìkẹta rèé, òun nìkan ló kù. Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n á fún mi ní òdòdó àti aago ara ògiri, wọ́n á ní mo ti fẹ̀yìn tì, kí n máa lọ sinmi. Kí ni mo wá fẹ́ tọ́ka sí pé èmi ni mo ṣe é? Aago?

Ọdún méjìlá, Rinat! O ò tíì gbéyàwó nígbà tí mo kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tí táyà iwájú ń fà, tí kì í rì sínú ẹrẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè kéèyàn lè kó àpò ọ̀dùnkún mẹ́rin wálé láti ahéré. Mo gbé e lọ sí Mọ́sko. Ọ̀gá kan wò ó títí, ó ní, "Ṣé irú ẹ̀ wà nílẹ̀ òkèèrè?" Mo ní kò sí. Ó ní tí kò bá sí lọ́hùn-ún, kí la fẹ́ fi ṣe níbí? Mo padà lọ lọ́dún kẹfà, mo ní, ọ̀gá, ó ti wà lọ́hùn-ún báyìí. Ó ní, "Ó ti wà? Kí wá ni tìẹ fẹ́ fi yàtọ̀?" Ibo ni kí n wá gbà? Mo lọ síwájú, ògiri. Mo padà sẹ́yìn, ògiri!

Ni wọ́n bá lọ ra àwòrán ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, wọ́n ní kí àwa tibí máa pààrọ̀ iná iwájú ọkọ̀ àtijọ́. Iná iwájú! Lọ́dún yìí kó rí róbótó, lọ́dún mẹ́ta sí i kó ní igun mẹ́rin, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà míì, wọ́n á ní ọkọ̀ tuntun dé. Yefim ọkọ mi kú nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé àwọn tó ń dúró kí ìjọba ta ọkọ̀ fún wọn, ó ku ogójì èèyàn kó tó kàn án. Ọkọ ẹni tó ń ya àwòrán ọkọ̀ o! Bọ́ọ̀sì la fi gbé òkú rẹ̀ lọ. Ó dùn mí, Rinat. Ó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Ẹ̀n? Sọ ọ́ sókè. Tí o ò bá gé e lónìí, wọ́n á yọ orúkọ rẹ kúrò lára àwọn tí ilé iṣẹ́ fẹ́ fún ní ilé? Èwo ni ti ilé níbẹ̀? Ẹ̀yin márùn-ún nínú yàrá kan, pẹ̀lú ìyá ìyàwó rẹ tó ń húkọ́. Háà! Wọ́n mà mọ ibi tí wọ́n ń di èèyàn mú o. Mo rò pé èmi nìkan ni wọ́n há mọ́ ni.

Ó dáa. Mo ní ó dáa, nu ojú rẹ, mo ń bọ̀. Kì í ṣe nítorí tiwọn o, nítorí àwọn ọmọ rẹ ni. Sún kí n ráyè.

Rinat. Ọwọ́ ilẹ̀kùn dà? Ti inú ni mò ń wí, èyí téèyàn ń fà! Àwọn ará ilé ìkẹ́rùsí ti tú u lọ láàárọ̀? Yéè! Mo ti yí kọ́kọ́rọ́ padà, fà á láti ìta. Fà á dáadáa, àbí o ò jẹun ni? Ki irin bọ̀ ọ́. Kò mì? Ṣé ó lè mì ni! Gbogbo ọkọ̀ tó ń jáde níbí, ilẹ̀kùn wọn ń ṣí fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà, èmi ni mo jókòó ṣe èyí tí kì í ṣí! Kí n gba ojú fèrèsé? Ìdí mi yìí? Wò ó dáadáa kó o tó sọ̀rọ̀.

Háháhá! Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Yéè, ikùn mi o! Iṣẹ́ ọwọ́ mi dára, Rinat, ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi, ó dára ju ohun tí wọ́n rò lọ! Ó dáa, ọmọ mi. Láti orí òrùlé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, rọra o. Gé e.